Ọrùn Ìgò Tó Ṣẹ́: Ẹ̀bẹ̀ Kí A Má Ti Yàrá Ìdánrawò Àwọn Agbẹ̀bí Pa

Ilé Alájà Kan Tó Kọjú Sí Ẹnubodè Ilé Ìwòsàn,
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alákòóso Ilé Ìwòsàn àti Ilé Ẹ̀kọ́ Àwọn Agbẹ̀bí,
Ọ́fíìsì Òkè, Ilé Ńlá Iwájú.

Ẹ̀yin Ọ̀gá Alága àti ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀,

ÌBÉÈRÈ PÉ KÍ Ẹ FA ÀṢẸ TÍTI YÀRÁ ÌDÁNRAWÒ PA SẸ́YÌN

1. Ní ọ̀sán àná, ìyàwó ọmọ mi bí ọmọbìnrin kan ní yàrá ìbímọ yín. Lẹ́yìn tí ibi ọmọ jáde tán, ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀, kò sì fẹ́ dúró. Kò kú. Láàárọ̀ yìí ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bá ọkọ rẹ̀ wí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ, ohùn rẹ̀ sì ń dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

2. Gbogbo àwọn agbẹ̀bí àti akẹ́kọ̀ọ́ tó dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró nínú yàrá kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni àwọn agbẹ̀bí ti ń fi ọmọlangidi kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ènìyàn, tí gbogbo wa ń pè ní Yàrá Ìdánrawò. Yàrá náà ni lẹ́tà tí ẹ fọwọ́ sí, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, sọ pé kí a tì pa ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, kí àwọn káfíńtà kan pákó mọ́ ògiri rẹ̀, kí ó sì di ibi tí a ó máa kó àwọn àga ìpàdé sí. Mo kọ̀wé yìí láti bẹ̀ yín pé kí ẹ fa àṣẹ náà sẹ́yìn. Tayọ̀tayọ̀ ni mo sì fi kọ ọ́, nítorí ẹni tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ kì í fi omijé bẹ̀bẹ̀.

3. Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀: olùkọ́ ìtàn ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe ni pé kí n bi ènìyàn léèrè ohun tó fojú rí, kí n sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó gbọ́. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, Olùkọ́ Àgbà tó ń darí Yàrá Ìdánrawò bẹ̀ mí pé kí n wá máa ran àwọn lọ́wọ́. Ipa ìyá ọkọ ni wọ́n fún mi. Bí ẹ̀kọ́ bá ti gbóná, tí ẹ̀jẹ̀ ọmọlangidi ń ṣàn, èmi ni n ó já wọlé, n ó sì máa pariwo pé, “Ta ló fẹ́ pa ìyàwó ọmọ mi níbí? Níbo ni dókítà gidi wà?” Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn láìjẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo ṣe é títí kò fi sí ẹni tó tún ń pe orúkọ mi mọ́ ní gbogbo ilé ìwòsàn yín. “Ìyá Ọkọ” ni ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ń pè mí, “Ìyá Ọkọ” náà ni ọ̀gá àwọn afọṣọ ń pè mí, kódà nígbà tí ọmọ mi kò tíì rí ìyàwó fẹ́, tí ọ̀rọ̀ náà sì ń bí i nínú.

4. Lẹ́tà yín pe yàrá náà ní “ibi tí wọ́n ti ń fi ọmọlangidi ṣeré”. Òótọ́ ni pé ọmọlangidi wà níbẹ̀. Yàrá ìlọṣọ àtijọ́ ni, lẹ́yìn ibi ìfọṣọ. Ooru inú rẹ̀ kò tíì lọ láti ìgbà tí wọ́n ti kó àwọn áyọ́ọ̀nù kúrò. Fèrèsé rẹ̀ kan kì í ṣí, èkejì kì í padé. Lórí bẹ́ẹ̀dì àárín ni Àǹtí Rọ́bà máa ń sùn, obìnrin onírọ́bà tó ní ikùn, apá àti itan, tí àwọ̀ ojú rẹ̀ sì ti ṣí nítorí ọṣẹ. Àpò omi pupa wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba abẹ́ aṣọ wọ inú rẹ̀. Olùkọ́ Àgbà á jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì, á máa fi ẹsẹ̀ tẹ àpò náà kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn, á sì máa bá Àǹtí Rọ́bà sọ tẹnu rẹ̀: “Nọ́ọ̀sì, òtútù ń mú mi o. Nọ́ọ̀sì, mi ò ríran dáadáa mọ́.” Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́kùnrin kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, tó sunkún níbẹ̀ nítorí pé Àǹtí Rọ́bà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ náà Àǹtí Rọ́bà kò kú, ọmọkùnrin náà sì ra bisikíìtì fún gbogbo wa.

5. Nígbà tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ yín wá wo ibẹ̀ ní oṣù tó kọjá, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò wọlé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Olùkọ́, ǹjẹ́ obìnrin yìí tilẹ̀ ti bímọ rí?” Olùkọ́ Àgbà dá a lóhùn pé, “Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ọ̀gá. Ẹ kú oríire, ìbejì ni ti àárọ̀ yìí.” Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, akọ̀wé náà sì bá wa rẹ́rìn-ín. Mi ò rò pé ó ní ohunkóhun sí wa nínú. Ṣùgbọ́n kò dúró kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ohun tó sì kọ fún yín lẹ́yìn náà kò ju ohun tí ènìyàn lè rí láti ẹnu ọ̀nà lọ.

6. Ohun tí lẹ́tà yín tẹnu mọ́ jù ni ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún tó kọjá. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Obìnrin kan ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Agbẹ̀bí kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Ohùn Agogo, nítorí pé bó bá sọ̀rọ̀ ní yàrá ìbímọ, àwọn tó wà ní ibi ìfọṣọ á dáhùn. Wọ́n ní kí ó fún obìnrin náà ní abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì, kí ẹ̀jẹ̀ lè dúró. Ó mú sírínjì, ó fi kan itan obìnrin náà, ó sì kéde ketekete pé, “Mo ti fún un lábẹ́rẹ́.” Gbogbo wọn gbà á gbọ́, wọ́n kọjú sí nǹkan mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ kò dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kí agbẹ̀bí àgbà kan tó ṣàkíyèsí pé ìgò kékeré tí oògùn náà wà nínú rẹ̀, irú èyí tí a gbọ́dọ̀ ṣẹ́ lọ́rùn kí a tó lè fa oògùn inú rẹ̀, ṣì wà lórí tábìlì lódidi, ọrùn rẹ̀ kò tíì ṣẹ́. Sírínjì òfìfo ló wà lọ́wọ́ Ohùn Agogo. Kò tilẹ̀ sí abẹ́rẹ́ lẹ́nu sírínjì náà. Obìnrin náà yè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbà á là, kò sì yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ibẹ̀.

7. Ohùn Agogo kò purọ́. Mo bi í léèrè, mo sì bi gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò yàtọ̀ síra. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe. Ní Yàrá Ìdánrawò nígbà náà, oògùn kò gbọdọ̀ ṣòfò, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń ṣẹ́ ọrùn ìgò. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé sírínjì òfìfo, á fi kan itan Àǹtí Rọ́bà, á kéde, Olùkọ́ Àgbà á sì dáhùn láti ẹ̀yìn kọ́tìnì pé, “Ó ti wọlé.” Wọ́n ṣe é títí ó fi mọ́ wọn lára. Nígbà tí ìpayà dé, ara Ohùn Agogo ṣe é gẹ́lẹ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn àgbà ní ẹnu dùn ún ròfọ́. Tiwa burú jù bẹ́ẹ̀, nítorí a ti gbàgbé pé ẹnu la fi ń rò ó.

8. Ẹ̀yin Ọ̀gá, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Lọ́sẹ̀ kan náà ni Olùkọ́ Àgbà pe gbogbo wa jọ. Ó ní, “Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn wa.” Ó tọ apòògùn lọ, apòògùn sì gbà láti máa kó àwọn ìgò omi abẹ́rẹ́ tí ọjọ́ lílò wọn ti kọjá fún wa, èyí tí wọ́n máa ń dà nù tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, òfin kan ló wà ní yàrá yẹn: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ẹnu sọ pé òun ti fún aláìsàn lábẹ́rẹ́. Kí ó ṣẹ́ ọrùn ìgò, kí ó fà á, kí ó gún un, kí ó sì gbé ọrùn tó ṣẹ́ náà sókè kí gbogbo ojú rí i, kí ó tó jù ú sínú abọ́ funfun. Ẹni tó pàṣẹ kò gbọdọ̀ kọjú síbòmíràn títí yóò fi rí ọrùn ìgò. Bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé, èmi Ìyá Ọkọ ni mo láṣẹ láti pariwo pé, “Ọrùn rẹ̀ dà?”

9. Ohùn Agogo ló kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ìgò gé e níka kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi òwú di ọrùn rẹ̀ mú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé afẹ́fẹ́ lẹ fẹ́ fún wa lónìí, àbí omi?” Á ní, “Ẹ máa rín in, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹni tó ti kọsẹ̀ lọ́nà ló mọ ibi tí òkúta wà.” Kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi di ẹni tó ń kọ́ wọn, tí yẹ̀yẹ́ sì parí.

10. Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ àná. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo dúró sí nígbà tí mo gbọ́ Ohùn Agogo: “Ẹ̀jẹ̀ ń ya! Ẹ wá ràn mí lọ́wọ́!” Mo mọ gbólóhùn náà. Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè kà á lójú oorun. Mo ti máa ń rò pé bí irú rẹ̀ bá dé bá mi, n ó fara balẹ̀. Mi ò fara balẹ̀. Mo já wọlé, mo sì kígbe pé, “Ta ló fẹ́ pa ìyàwó ọmọ mi níbí? Níbo ni dókítà gidi wà?” Ọ̀rọ̀ eré náà ni, kò yàtọ̀ ní ẹyọ kan, ṣùgbọ́n omijé gidi ló bá a jáde lánàá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wò mí, ó sì wo ẹ̀yìn mi, bí ẹni tó ń wá kọ́tìnì Olùkọ́ Àgbà.

11. Ohùn Agogo kò wò mí. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn ìyàwó ọmọ mi, ó ń fọwọ́ ra ilé ọmọ kíkankíkan. Ó ní, “Ìyá Ọkọ, ti òní kì í ṣe eré o. Ẹ bọ́ síbi orí rẹ̀, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ máa pè é kó máa dá yín lóhùn. Bí kò bá dáhùn, ẹ sọ fún mi.” Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ eré kúrò, gbólóhùn tí wọ́n kọ́ láti fi pa mí lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ fún mi ní Yàrá Ìdánrawò, ṣe ni mo máa ń rò pé ọgbọ́n láti yẹ̀ mí kúrò lọ́nà ni. Lánàá ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Mo bọ́ síbi orí. Mo ń pè é, ó ń dáhùn, títí ó fi sọ pé, “Ìyá, ẹ rọra, ariwo yín pọ̀.” Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

12. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba ibi ikùn lọ́wọ́ Ohùn Agogo. Òmíràn fa omi sí i lára. Ẹnìkan fi ọ̀pá rọ́bà tú ìtọ̀ rẹ̀ jáde kí àpò ìtọ̀ tó kún má bàa di ilé ọmọ lọ́wọ́. Ẹnìkan tún tẹ́ ibi ọmọ sínú abọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì sọ pé ó pé. Kò sẹ́ni tó kọlu ẹnìkejì rẹ̀. Nígbà náà ni dókítà tuntun sáré wọlé. Oṣù yìí ló dé sí ilé ìwòsàn yín, kò sì tíì wọ Yàrá Ìdánrawò rí. Ó béèrè pé, “Ṣé ẹ ti fún un lábẹ́rẹ́?” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Inú bí i: “Mo ní, ṣé ẹ ti fún un!” Ohùn Agogo, ẹni tí ohùn rẹ̀ ń dé ibi ìfọṣọ, kò la ẹnu. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ọrùn ìgò tó ṣẹ́ wà láàárín ìka rẹ̀ méjì, iná àjà ń tàn lára rẹ̀.

13. Dókítà wò ó, kò yé e. Èmi ni mo dáhùn láti ibi orí: “Dókítà, ọrùn rẹ̀ nìyẹn. Ó ti wọlé.” Ó ní kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ kejì, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ọrùn kejì tún lọ sókè. Kò pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbi ikùn fi sọ pé, “Ó ti ń le lọ́wọ́ mi, Ẹ̀gbọ́n.” Ẹ̀jẹ̀ dín kù. Ó ń kán. Ó dúró. Ọmọ tuntun náà, tí gbogbo wa ti gbàgbé sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan nítòsí fèrèsé, bú sẹ́kún bí ẹni tó ń béèrè pé kí ló dé tí kò sẹ́ni tó kí òun káàbọ̀.

14. Olùkọ́ Àgbà kò sí níbẹ̀; ẹnu òun àti Ohùn Agogo ni mo ti gbọ́ èyí. Ó wà ní Yàrá Ìdánrawò, ó ń di Àǹtí Rọ́bà sínú páálí nítorí ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí Ohùn Agogo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀, Olùkọ́ Àgbà rò pé òkú ló wá sọ. Ohùn Agogo na ọwọ́ sí i. Ó tẹ́ ọrùn ìgò méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí àwọn afọṣọ fi yọjú wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Olùkọ́ Àgbà gbé Àǹtí Rọ́bà jáde kúrò nínú páálí, ó tẹ́ ẹ padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀.

15. Dókítà tuntun náà bi mí ní ibi ìfọwọ́ pé, “Mà, níbo ni wọ́n ti kọ́ ohun tí mo rí yẹn?” Mo mú un lọ. Ó wo Àǹtí Rọ́bà, ó wo abọ́ funfun tó kún fún ọrùn ìgò, ó sì ka lẹ́tà yín lára ilẹ̀kùn. Ó ní, “Ọjọ́ Ẹtì wo?” Mo ní èyí tó ń bọ̀ yìí ni. Ó béèrè bóyá òun lè rí àyè kọ́ṣẹ́ kí ó tó di ọjọ́ náà. Láàárọ̀ yìí ó wà níbẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì pariwo mọ́ ọn. Ó gbàgbé ọrùn ìgò lẹ́ẹ̀kan. Kò gbàgbé rẹ̀ mọ́.

16. Lẹ́tà yín tún sọ pé ẹnu iṣẹ́ gan-an ló yẹ kí ènìyàn ti kọ́ṣẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò náà, ọ̀pọ̀ àwọn agbẹ̀bí àgbà ló sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí a bá ní kí onígbàjámọ̀ lọ kọ́ṣẹ́ lórí ènìyàn, ó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè pé orí ta ni. Àná, orí ìyàwó ọmọ mi ni ì bá jẹ́. Àǹtí Rọ́bà ti kú kí ìyàwó ọmọ mi má bàa kú.

17. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: kí ẹ fa àṣẹ ọjọ́ Ẹtì sẹ́yìn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ti fà á sẹ́yìn. Kí ẹ jẹ́ kí apòògùn máa kó ìgò omi tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá fún wa bó ti ń ṣe. Kí ẹ̀yin àti akọ̀wé yín wá jókòó nínú yàrá náà ní ọjọ́ kan, nínú rẹ̀ o, kí ẹ sì dúró títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Mo ṣèlérí pé mi ò ní pariwo mọ́ yín ju bó ti yẹ lọ. Ní ti àwọn àga, wọ́n lè dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àga kì í ṣẹ̀jẹ̀.

18. Bí mo ti ń parí lẹ́tà yìí ni ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè sọdá wá bá mi. Ó ní àwọn káfíńtà gbé pákó dé láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ kan láti ọ́fíìsì yín dá wọn padà. Ó ní, “Ìyá Ọkọ, ẹ máa yọ̀, wọ́n ti fagi lé e!” Ọ̀gá àwọn afọṣọ ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé pákó ló kúrú, wọn yóò padà wá. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ ni. Kò sẹ́ni tó rí i nínú wọn. Mo ti lọ wo ilẹ̀kùn náà: lẹ́tà yín ṣì wà lára rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì ṣì wà lọ́wọ́ Olùkọ́ Àgbà. Ẹ má bínú sí mi, Ẹ̀yin Ọ̀gá, yàrá yẹn ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀: mi ò lè sọ pé ó ti wọlé. Ọwọ́ yín ni gbogbo wa ń wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọrùn rẹ̀ sókè kí a rí i.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí ipò yín,

Ìyá Ọkọ,
Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì, olùrànlọ́wọ́ ní Yàrá Ìdánrawò, àti, láti àná, ìyá àgbà.